Afárá tó ń mì létí odò Ọ̀ṣun: ohun tó bàjẹ́ ò sí níbi tójú ń wò

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Ìbàdàn wá lo họlidé lọ́dọ̀ wa l'Óṣogbo, wọ́n ní dandan, àwọn fẹ́ rí odò Ọ̀ṣun. Mo ní kò burú. A wọ kọ́rópe, a sọ̀, a fẹsẹ̀ rin ìyókù, òjò sì ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ yẹn. A ò tíì dé inú igbó Ọ̀ṣun gan-an, ìyẹn igbó ojúbọ tó wà létí odò náà, ibì kan létí odò nísàlẹ̀ la wà, nígbà tí èyí àbúrò nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sáré ṣíwájú, ó wo omi títí, ó yíjú sí mi, ó ní "Àǹkù, ṣé wọ́n da ògì sí i ni?"

Mo rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò purọ́. Omi náà pọ́n, ó sì ki bí ògì bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Igi kan wà níbẹ̀ tí ọ̀gbàrá ti wọ́ yẹ̀pẹ̀ ìdí ẹ̀ lọ, gbòǹgbò ẹ̀ yọ síta, ó nà sínú omi bí àwọ̀n, gbogbo ohun tí odò ń gbé bọ̀ ló ń há síbẹ̀: náílọ̀n píọ́ wọ́tà, ike mínírà, àpò ìrẹsì, sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì kan. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka náílọ̀n yẹn bí eré, a ka 37 lára gbòǹgbò kan ṣoṣo kó tó sú wa. Ọmọ yẹn tún ní, "Ṣé kò sẹ́ni tó ń gbá a ni?" Mi ò rí i dá lóhùn lójú ẹsẹ̀, torí ìdáhùn ẹ̀ gùn. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ níbí.

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti ń sún mọ́, táwọn èèyàn ti ń múra ọdún Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ yìí máa ń jáde. Ẹ jẹ́ ká tún etí odò ṣe, ẹ jẹ́ ká tún afárá àtijọ́ yẹn ṣe, ká ṣe ẹnu ọ̀nà tó dáa fún àwọn tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó, ká gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀, ká tan iná sí i, kó di pàákì táyé á máa wá wò. Ọdún á dé, ọdún á lọ, ọ̀rọ̀ á tún sùn. Àwọn kan á ní ìjọba ni ò ṣe nǹkan, àwọn kan á ní òrìṣà ni ò fẹ́. Lójú tèmi, ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ò sí níbi tójú ń wò rárá, ibi tójú ń wò yẹn la sì máa ń sáré kùn lọ́dà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "pàákì" yẹn, torí ó ń da èèyàn rú. L'Óṣogbo, tẹ́ ẹ bá sọ fún ọlọ́kadà pé pàákì lẹ̀ ń lọ, ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò ló máa gbé yín lọ. Èyí tá a ní tó jẹ́ ti ìgbafẹ́, ìyẹn Nelson Mandela Freedom Park, Old Garage ló wà, orúkọ àdúgbò yẹn sì ti sọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún yín. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ṣe pàákì sétí Ọ̀ṣun, íńtálọ́ọ̀kì ló wà lọ́kàn ẹ̀, àti fàńtéènì, àti ibi tí wọ́n á ti máa ta bíà pẹ̀lú súyà. Kó ní sùúrù. Pàákì ti wà níbẹ̀ ṣáájú gbogbo wa.

Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó 75 hẹ́kítà, ìyẹn ju pápá bọ́ọ̀lù 100 lọ, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ńlá báyìí tí wọ́n ń ta gbogbo ààyè tó ṣẹ́ kù ní pulọ́ọ̀tì. Ilẹ̀ mìíràn tó 47 hẹ́kítà yí i ká gẹ́gẹ́ bí ààbò. Ojúbọ inú ẹ̀ tó 40, ère pọ̀ níbẹ̀, ààfin méjì wà níbẹ̀, irú igi àti ewé tó wà níbẹ̀ lé ní 400, èyí tó lé ní 200 nínú wọn ló sì jẹ́ egbòogi. Ọ̀bọ ń fò lórí igi. Èèwọ̀ ni kéèyàn dẹ ọdẹ níbẹ̀, èèwọ̀ ni kó pẹja. Ní 2005, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi í sára àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé, òun ni ìkejì ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa tó wọlé ní 1999.

Etí odò yìí náà sì ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Ọlárooyè àti Olútìmẹ́hìn ọlọ́dẹ wá omi wá láti Ìpólé, wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n gé igi, igi wó sómi, ohùn kan sì dún látinú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Mo máa ń fi ṣeré pé ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pe ọmọ Òṣogbo, ẹjọ́ pé ó ń ba nǹkan jẹ́ létí odò ni. Ìtàn yẹn náà ló sọ pé nígbà tó yá wọ́n kó kúrò nísàlẹ̀, wọ́n gòkè, torí omi máa ń kún bá wọn. Àwọn tó tẹ ìlú dó sún sẹ́yìn fún odò o. Àwa la wá ń kọ́ṣọ́ọ̀bù lé e lórí.

Ó wá ku afárá. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti gbé e, ti ẹlẹ́sẹ̀ ni. Okùn irin ló so ó rọ̀, pákó ni wọ́n tò sísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá gùn ún ó máa mì, ọmọdé á kígbe, àgbàlagbà á di okùn mú gírígírí táá wá máa ṣe bí ẹni pé eré lòun ń ṣe. Kò sí ẹni tó débẹ̀ tí kò ní ya fọ́tò. Tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe irú afárá báyìí bá sì délẹ̀, pákó ni gbogbo èèyàn máa ń wò: pákó yìí ti ń jẹrà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ kùn ún. Ó dáa kí wọ́n pààrọ̀ pákó lóòótọ́, ṣùgbọ́n pákó kọ́ ló gbé yín dúró, okùn irin ni, ohun tó sì di okùn irin mú ni kọnkéré tí wọ́n rì í mọ́ nínú ilẹ̀ ní bèbè méjèèjì. Ibi tí okùn ti ń wọlẹ̀ yẹn, tí ewé jábọ́ bò, tí omi òjò ń dúró sí, ibẹ̀ ni irin ti máa ń kọ́kọ́ dógùn-ún, ẹni tó dúró lórí afárá tó ń ya sélífì ò sì lè rí i láé.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Morbi, ní ìpínlẹ̀ Gujarat lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Irú afárá yìí gan-an ni, ti ẹlẹ́sẹ̀, tó so rọ̀ sórí odò, tó ti wà láti nǹkan bíi 1880. Wọ́n tì í fún oṣù mélòó kan, wọ́n ní àwọn ń tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2022, ó dùn ún wò, èrò ya bò ó. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 30 oṣù yẹn kan náà, ó já. Ẹni tó kú lé ní 130, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé nínú wáyà 49 tí wọ́n lọ́ pọ̀ di okùn ńlá kan, nǹkan bíi 22 ni ìpáàrà ti jẹ tipẹ́tipẹ́, wọn ò sì pààrọ̀ ẹ̀. Ìsàlẹ̀ tí èèyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n bọ́ pákó kúrò, wọ́n fi alumíníọ̀mù rọ́pò, ìyẹn gan-an tún dá kún ẹrù tó wà lórí okùn. Wọ́n wá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́, wọn ò ka iye èèyàn tó wà lórí ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ara mi fi ń bù máṣọ tí mo bá gbọ́ pé "ẹ jẹ́ ká fún afárá yẹn ní ojú tuntun kí ọdún tó dé." Ojú ẹ̀ kọ́ ni. Kí wọ́n gbẹ́ ìdí okùn wò, kí ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ẹ̀ wọn ẹrù sórí ẹ̀, kí wọ́n kọ iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sójú pátákó gàdàgbà, kí ẹnì kan sì wà lẹ́nu afárá tó ń kà wọ́n, pàápàá lọ́jọ́ tí èrò ọdún bá pọ̀. Iṣẹ́ tí kò ní fọ́tò nínú nìyẹn, òun ló sì ṣòro láti rí owó fún.

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ibẹ̀ máa di àpatì. Ní nǹkan bíi 1950 síwájú, ìjọba ìgbà yẹn ti gba apá kan igbó náà, wọ́n fi gbin igi tíìkì, ojúbọ ń wó, wọ́n ń jí ère kó, àwọn tó ń wá ilẹ̀ sì ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Susanne Wenger tí gbogbo Òṣogbo mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, ló kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú jọ, Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà wà níbẹ̀, Buraimoh Gbádámọ́sí wà níbẹ̀, Kàsálì Àkàngbé tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà náà wà níbẹ̀. Amọ̀, sìmẹ́ńtì àti irin ni wọ́n fi tún àwọn ojúbọ ṣe, òun náà ni wọ́n fi mọ ère tuntun. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ère yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, ààlà ni wọ́n. Níbi tí ère tó ga ju ilé lọ bá ti na apá, ta ló fẹ́ gbé téèpù wá síbẹ̀ láti wọn pulọ́ọ̀tì? Ní 1965 apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé 75 hẹ́kítà tó wà báyìí. Ìyá yẹn kú ní oṣù kìíní 2009, ẹni ọdún 93 ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún.

Ta ló wá yẹ kó tún un ṣe báyìí? Ibí lọ̀rọ̀ ti ń lọ́. Igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí, abẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló wà. Ilẹ̀ ìlú lápapọ̀, òfin ilẹ̀ 1978 ti fi í sọ́wọ́ gómìnà. Atáọ́ja, ọba Òṣogbo, àtàwọn àwòrò Ọ̀ṣun ló ni ojúbọ àti ètùtù, àwọn ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ gbọdọ̀ tẹ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ tẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fọkàn sí ni pé ìwé òfin 1999 gbé gọ́tà, ìgbafẹ́, ilé ìyàgbẹ́ ìta gbangba àti kíkó pàǹtírí fún káńsù. Pàákì mọ́tò náà wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá rántí àwàdà tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan. Igbó t'Àbújá, ilẹ̀ ti gómìnà, òrìṣà t'ààfin, ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ti káńsù. Bí náílọ̀n bá wà lórí gbòǹgbò igi létí omi, gbogbo wọn ló lè sọ pé kì í ṣe tàwọn, gbogbo wọn á sì gba èyí tí wọ́n sọ gbọ́.

UNESCO tún wà níbẹ̀. Abala 172 nínú ìlànà wọn sọ pé kí orílẹ̀-èdè tó gbé iṣẹ́ ńlá wọ irú ibi bẹ́ẹ̀, yálà àtúnṣe ńlá tàbí ilé tuntun, kó kọ́kọ́ sọ fún wọn kó tó pinnu. Àwọn èèyàn máa ń gbọ́ èyí, wọ́n á ní òyìnbó tún fẹ́ máa pàṣẹ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo òyìnbó ẹgbẹ́ wọn. Dresden ní Jámánì wọlé ní 2004 torí odò Elbe àti bèbè ẹ̀, wọ́n gbé afárá mọ́tò ńlá gba àárín ẹ̀ kọjá, wọ́n yọ ọ́ ní 2009. Liverpool ní ìlú ọba náà wọlé ní 2004, wọ́n ń kọ́ ilé gogoro sétí omi, wọ́n yọ ọ́ ní 2021. Ìlú méjèèjì yẹn lówó, wọ́n ní ẹnjiníà, etí omi ló gbé wọn ṣubú. Torí ẹ̀ ni mo ṣe sọ pé kí ẹni tó ní íńtálọ́ọ̀kì àti fàńtéènì lọ́kàn ní sùúrù.

Ká wá bọ́ sórí omi, torí etí odò ò lè mọ́ kí odò máa dọ̀tí. Láti apá Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń ṣàn bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Góòlù sì wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn tó ń wà á láìgba ìwé àṣẹ máa ń gbẹ́ bèbè odò àti ìsàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n á fi omi fọ yẹ̀pẹ̀ yẹn, yẹ̀pẹ̀ tó ṣẹ́ kù á bọ́ sínú odò, ìyẹn ni ògì bàbà tí ọmọ yẹn rí. Tó bá jẹ́ àsìkò òjò nìkan ni, à bá ní ọ̀gbàrá ni, gbogbo odò ló ń pọ́n lásìkò òjò, ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ó ń pọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn náà. Èyí tó tún léwu ju yẹ̀pẹ̀ lọ ni mákúrì, irin olómi tó ní májèlé, tí àwọn kan nínú wọn fi ń kó góòlù jọ, ojú ò lè rí ìyẹn nínú omi. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun 2022 ń bọ̀, ìjọba kìlọ̀ pé kí èèyàn má mu omi náà. Ẹ ro ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn, tó gbé kẹ́ẹ̀gì dání, tó fẹ́ gba omi ọmọ lọ́wọ́ Yèyé. Ọ̀pọ̀ ṣì bù ú mu.

Kẹ́ ẹ tó ní kí gómìnà lọ lé wọn: ọ̀rọ̀ kùsà, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìwé òfin gbé e fún, ìpínlẹ̀ ò ní àṣẹ láti fúnni níwèé tàbí gbà á. Wọ́n lè pariwo, wọ́n lè rán ọlọ́pàá, ìwé àṣẹ ò sí lọ́wọ́ wọn.

Náílọ̀n ńkọ́? Ìyẹn ò ti Iléṣà wá, tiwa ni. Gọ́tà wa ló gbé e lọ. Ẹni tó da ìdọ̀tí sí gọ́tà nígbà tí òjò ṣú, tó ní òjò á gbé e lọ, òótọ́ ló sọ, òjò gbé e lọ sí gbòǹgbò igi yẹn. Mo ti ṣe é rí nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi ló rán mi, kò sẹ́ni tó rí i bí nǹkan burúkú nígbà yẹn.

Tí wọ́n bá ní kí n mú owó náà, kí n ná an, mi ò ní kọ́ nǹkan kan sétí omi. Màá ṣe ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́, tó lómi, jìnnà sí odò, torí ibi tí èrò bá ti ń wọ́ lọ tí kò sí ilé ìyàgbẹ́, ẹ mọ ibi tí wọ́n á lọ. Màá ní kí mọ́tò àti ọ̀kadà dúró lókè, kí èèyàn fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn, yẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tó fún omi láyè láti mù sílẹ̀ ló tó, tẹ́ ẹ bá da kọnkéré sí i, ṣe ni òjò á máa sáré gba orí ẹ̀ lọ gbẹ́ bèbè odò. Bèbè tó ti ń já, ọparun àti igi ló ń dì í mú, gbòǹgbò ni wáyà tiẹ̀. Lẹ́nu gọ́tà tó ń já sódò, màá fi irin onífèrèsé dí i kí náílọ̀n dúró síbẹ̀, àmọ́ irin yẹn máa di wàhálà tí kò bá sẹ́ni tó ń kó o lójoojúmọ́, omi á padà wọlé onílé. Nítorí náà owó oṣù ẹni tó ń gbá a, tó ń kó o, láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, òun ni màá kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Màá wá àwọn tó ń tajà níbẹ̀ sí iṣẹ́ yẹn. Obìnrin kan wà tó ń ta obì àti píọ́ wọ́tà lójú ọ̀nà yẹn, iwájú àtẹ wọn mọ́ féfé ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá, wọ́n á tiẹ̀ bù omi wọ́n ọn kí eruku má baà ta, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn.

Àwọn kan ń sọ pé owó ìlú ò yẹ kó wọ ọ̀rọ̀ òrìṣà, pé Mùsùlùmí làwọn tàbí Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó ń gbé àlejò lọ síbẹ̀, ṣé ó ń bi wọ́n léèrè ẹ̀sìn wọn? Àwọn oníṣẹ̀ṣe náà ní ẹjọ́ tiwọn, ẹjọ́ wọn sì gbéwọ̀n ju tàwọn yẹn lọ lójú mi: ojúbọ ni ibẹ̀ jẹ́, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́, àwọn ò fẹ́ kí èèyàn wá máa yan ẹran níbi táwọn ti ń kúnlẹ̀. Tẹ́nì kan bá fẹ́ ṣe àtúnṣe tí kò kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n, kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú.

Àwọn baba wa tiẹ̀ ti fi àtúnṣe ọ̀nà sínú ọdún náà. Ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun ni Ìwọ́pópó, tí Atáọ́ja á jáde pẹ̀lú àwọn olorì àti ìjòyè, tí wọ́n á wọ́ pópó ìlú mọ́, kí Arugbá tó gbé igbá, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ "Òóre yèyé o" létí omi. Ọ̀nà la kọ́kọ́ ń tún ṣe. Kì í ṣe ọ̀nà nìkan sì ni, àsìkò náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ létí Ọ̀ṣun, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é. Láti oṣù kọkànlá omi á ti máa fà, bèbè á yọ síta, ẹnjiníà á lè rí ìdí okùn afárá, igi tí wọ́n bá lọ́ sílẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ ní oṣù kẹta á fìdí múlẹ̀ kí ọ̀gbàrá ńlá tó dé. Ẹni tó bá dúró di oṣù keje kó tó gbé iṣẹ́ síta, odò á ti kún, pákó á ti rin gbìndìn, ọ̀dà nìkan ló máa ráyè kùn.